Jíìpù Tó Bá Ìdílé Plumstead Mu

Ọ̀rọ̀ orí rédíò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ owó, ó sì jẹ mọ́ ẹ̀mí àwọn ọmọ wa. Ó dá lórí bí ìdílé ṣe lè yan jíìpù tó mọ níwọ̀n, èyí tí bàbá, ìyá, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta àti ẹrù wọn yóò wọ̀ láìfúnra. Ó tún dá lórí bí a ṣe lè gbọ́ ohun tí àwọn tó ti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ, kí a sì mọ èyí tó kàn wá nínú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni Nissan Qashqai tí wọ́n ń ṣe ní Sunderland, Toyota RAV4, Kia Sportage, Hyundai Tucson, Honda CR-V, àti àwọn tí a lè rí pẹ̀lú ìjókòó méje bíi Peugeot 5008, Nissan X-Trail àti Skoda Kodiaq.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbé ìfẹ́ jíìpù wá láti ilé. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, RAV4, CR-V àti Highlander làwọn èèyàn fi ń mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣẹnuure fún ẹnì kan. Kòtò ojú ọ̀nà àti àgbàrá òjò sì jẹ́ kí ọkọ̀ gíga wúlò níbẹ̀ ní tòótọ́. Ìnira ti Plumstead wa ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, ojú pópó ló há. Ilé ayé Ọbabìnrin Victoria tí kò ní àyè ìgbọ́kọ̀sí ló kún àwọn òpópónà tó wà láàárín Plumstead High Street àti Plumstead Common. Mọ́tò á tò sọ́tùn-ún, á tò sósì, ẹni tó ń gba àárín kọjá á máa ṣọ́ dígí rẹ̀. Òkè tún wà níbẹ̀: gígùn ni láti High Street dé Common, Shooters Hill tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ga ju mítà 120 lọ. Thamesmead ní tirẹ̀ tẹ́jú, orí àbàtà ni wọ́n kọ́ ọ sí láti àwọn ọdún 1960. Nítorí náà, àwọn ará wa méjì tí ilé wọn kò jìnnà síra lè ra irú ọkọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan máa yìn ín, kí èkejì máa kábàámọ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyẹn. Ìyìn tàbí ìráhùn ẹni tó ni ọkọ̀ kò ní ìwọ̀n títí a ó fi mọ irú ìrìn tí ọkọ̀ náà ń rìn. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Kí a tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ fún ara wa, ká kọ́kọ́ bi í léèrè: níbo lò ń gbé mọ́tò yìí lọ lójoojúmọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo ìrìn tiwa fúnra wa. Láti ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2022 tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Abbey Wood àti Woolwich, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Canary Wharf tàbí láàárín ìlú kò ní ìdí tí wọ́n á fi gbé mọ́tò jáde láàárín ọ̀sẹ̀. Mọ́tò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tó bá gbé e, iléèwé ló gbé ọmọ lọ, tàbí ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Queen Elizabeth ní Woolwich, ìrìn tí kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ Sátidé, ọjà, lẹ́yìn náà òde àríyá. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ọmọ aládùúgbò tí a bá wọn gbé. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń bọ́ sójú M25 láti lọ bá wọn ṣe ìkómọ ní Milton Keynes tàbí ìsìnkú ní Manchester. Ìrìn kúkúrú, ìrìn òtútù, ìrìn òkè, ìrìn dúró-díẹ̀-rìn-díẹ̀: ìgbé ayé ọkọ̀ Plumstead nìyẹn, orí rẹ̀ ló sì yẹ kí a ti máa wọn gbogbo ohun tí a bá gbọ́.

Ẹ mú ti dísẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ń fi X-Trail onídísẹ́ẹ̀lì rin máìlì igba lójú M1 lọ́sẹ̀ yóò sọ fún yín pé kò sí ọkọ̀ tó dà bí rẹ̀, pé epo rẹ̀ kì í tètè tán, pé ó lágbára láti fa ẹrù. Òótọ́ ló ń sọ. Ẹ wá gbé ọkọ̀ náà fún nọ́ọ̀sì wa tó ń lọ láti Plumstead sí ilé ìwòsàn, tó tún ń bọ̀. Nídìí páìpù èéfín dísẹ́ẹ̀lì òde òní ni àsẹ́ kan wà tó ń gba ẹ̀kúnná dúdú dúró. Àsẹ́ yìí máa ń jó ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbóná gan-an kó tó lè ṣe é, ìrìn gígùn tó ń já geere ló sì ń mú un gbóná. Bí ọkọ̀ bá ń kú kó tó gbóná lójoojúmọ́, àsẹ́ á dí, iná á tàn lójú pátákó, agbára ọkọ̀ á rọ̀, mẹkáníìkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó. Nọ́ọ̀sì náà yóò sọ pé ọkọ̀ burúkú ni. Òótọ́ lòun náà ń sọ. Èmi kì í gba ìdílé tó ń gbé àdúgbò yìí nímọ̀ràn láti ra dísẹ́ẹ̀lì, àfi tí iṣẹ́ wọn bá jẹ́ ìrìn jíjìn ní ti gidi.

Bẹntiróòlù náà ní tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2018, àwọn tó ní Honda CR-V ẹlẹ́ńjìnì 1.5 onítọ́bò figbe ta ní Kánádà àti ní àríwá Ṣáínà pé bẹntiróòlù ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ìrìn kúkúrú nínú òtútù ló fà á: ẹ́ńjìnì kò gbóná tó láti lé bẹntiróòlù tó yọ́ wọ inú ọ́ìlì jáde. Wọ́n ta irú ẹ́ńjìnì yẹn níbí náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra CR-V àkókò yẹn ní àlòkù, kó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kó wo ibi tí ọ́ìlì gùn dé, kó sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ga ju àmì lọ tó sì ń rùn bẹntiróòlù, kó yáa kúrò nídìí ọkọ̀ náà.

Èyí tó bá ìrìn wa mu jù lọ, lójú tèmi, ni hybrid, èyí tó ní ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù àti mọ́tò iná pọ̀, tí kò sì nílò kí a kì í mọ́ iná ilé. Ìrìn dúró-díẹ̀-rìn-díẹ̀ tó ń pa ọkọ̀ yòókù lára ló ń ṣe é lóore, torí ìgbà tí a bá tẹ bíréèkì ló ń kó iná pa mọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ RAV4 tí Toyota ta níbí láti ọdún 2019 ló jẹ́ irú hybrid yìí. Àwọn tó ń wà á ń yìn ín pé kì í jẹ epo láàárín ìlú, pé ó lálàáfíà, pé búùtù rẹ̀ gbẹ̀rù. Ẹ bi àwọn ọmọ wa tó ń fi Toyota hybrid ṣe takisí ní Woolwich, wọ́n á sọ ti epo rẹ̀ fún yín dáadáa. Ẹ̀rí àwọn onítakisí níyelórí púpọ̀ lórí ẹ́ńjìnì, torí máìlì tí wọ́n ń rìn lọ́dún kan, ìdílé mìíràn kò ní rìn ín ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n léèrè nípa ìjókòó ọmọdé.

Kí wá ni ìráhùn àwọn tó ní RAV4? Àkọ́kọ́ ni ariwo. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pàápàá lórí òkè, ẹ́ńjìnì á máa hu, ohùn rẹ̀ kò ní lọ sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé orí òkè. Ẹni tó ń gbé Thamesmead lè lò ó fún ọdún márùn-ún kó má gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹ̀bá Plumstead Common yóò gbọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́. Kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe ṣe jíà rẹ̀ ni. Sportage àti Tucson hybrid ń lo jíà ọtọmátíìkì oníjíà mẹ́fà tó ń pààrọ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n, kì í hu bẹ́ẹ̀. Ìráhùn kejì ló yẹ kó kan ará Plumstead jù: bátìrì kékeré, ti 12V, tó máa ń kú bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ láìṣiṣẹ́. Nígbà ìsémọ́lé Kòrónà, tí gbogbo ọkọ̀ wà lójú kan, ọ̀pọ̀ onítoyota hybrid ló jí tí ilẹ̀kùn kò ṣí. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ní láti máa tan ọkọ̀ náà, kó sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan lọ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹta wá láti òkèèrè. Ní Kánádà, tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì ní gbogbo ìgbà òtútù, wáyà ńlá tó gbé iná lọ sí mọ́tò ẹ̀yìn RAV4 hybrid ọdún 2019 síwájú bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, àtúnṣe rẹ̀ sì wọ́n gan-an. Toyota fi kún ọdún wáráńtì wáyà náà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò bá wádìí yóò gbọ́ ọ, yóò sì sá fún gbogbo RAV4. Àwọn tí iná ń bá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn ṣiṣẹ́ nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. RAV4 tí ẹsẹ̀ iwájú nìkan ń fà kò ní mọ́tò yẹn rárá, wọ́n sì tà á níbí. Ará Plumstead wo ló nílò ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń fà? Yìnyín wa kì í pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ ti rí i pé àwọn ìráhùn kan jẹ́ ti ìfẹ́ inú, àwọn kan sì jẹ́ ti àbùkù ara ọkọ̀. Èyí tí ẹnì kan ní ohùn rẹ̀ kò dùn, ìjókòó rẹ̀ le, ojú gíláàsì tí a ń fọwọ́ tẹ̀ ń ru òun lójú, ẹ fúnra yín lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ̀ bóyá ó kàn yín. Ti gíláàsì yẹn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Euro NCAP, àwọn tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, fi kéde pé láti ọdún 2026 àwọn yóò máa fún ọkọ̀ tó ní bọ́tìnnì gidi ní máàkì. Inú mi dùn sí i, torí wíwo gíláàsì láti fi pa atẹ́gùn gbígbóná nígbà tí a wà nínú àyípo Plumstead Gyratory léwu.

Àbùkù ara ọkọ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù. Àmì rẹ̀ ni pé àwọn tí kò mọ ara wọn rí, tí wọn kò gbé ìlú kan náà, á máa sọ ohun kan náà nípa ẹ́ńjìnì kan náà. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà ní Faransé, UFC-Que Choisir, gbé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù 1.2 ti Renault jáde, pé ó ń mu ọ́ìlì ju bó ṣe yẹ lọ títí á fi bàjẹ́. Ẹ́ńjìnì yẹn wà nínú Nissan Qashqai àwọn ọdún 2014 sí 2016. Qashqai ọjọ́ wọ̀nyẹn pọ̀ lójà, owó rẹ̀ sì rọ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń pariwo rẹ̀ sétí yín. Bákan náà ni Peugeot 5008 ẹlẹ́ńjìnì 1.2 PureTech. Inú ọ́ìlì ni bẹ́líìtì rẹ̀ ń gbé. Bó bá pẹ́, bẹ́líìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, èérún rẹ̀ á dí ibi tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, ẹ́ńjìnì á sì bàjẹ́. Ẹni tí kò rí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì yìí tí wọ́n sì lo ọ́ìlì tó yẹ, kó má ra á. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù 1.6 ti 5008 kan náà ń lo ṣéènì, kò ní wàhálà yẹn. Ṣé ẹ rí i? Orúkọ ọkọ̀ kan, ẹ́ńjìnì méjì, ìtàn méjì. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ pé “5008 kò dáa”, ẹ bi í pé ẹ́ńjìnì wo.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìjókòó ọmọdé, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí àwọn ìdílé wa ń ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù. Òfin ilẹ̀ yìí ní kí ọmọ máa jókòó sínú ìjókòó ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ìtanràn rẹ̀ lè tó £500, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti ìtanràn sílẹ̀. Ẹ̀mí ọmọ ni. Ìdílé tó bí mẹ́ta tẹ̀léra nílò ìjókòó ọmọdé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á lọ wo jíìpù, wọ́n á rí i pé ó tóbi, wọ́n á sanwó. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó ìjókòó sínú rẹ̀ ni wọ́n á tó mọ̀ pé mẹ́ta kò wọ ẹ̀yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ jíìpù ìwọ̀n yìí, ìkọ́ irin ISOFIX tí ìjókòó ọmọdé ń há mọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan. Àárín kò ní, ó sì há. Peugeot 5008 tó jáde ní 2017 yàtọ̀: ìjókòó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó fẹ̀ dọ́gba ló wà ní ìlà àárín rẹ̀, ìkọ́ wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ni àwọn abiyamọ tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta fi ń yìn ín, ìyìn yẹn sì tọ́ sí i.

Ìjókòó méje náà ń tan èèyàn. Nissan fúnra wọn sọ pé ìlà kẹta X-Trail wà fún ẹni tí kò ga ju mítà 1.6 lọ. Ẹ má gbà á lérò pé Màmá tó wá láti Ìjẹ̀bú láti wá ṣe ọlọ́jọ́jọ́ ọmọ ni ẹ ó gbé síbẹ̀. Orúnkún wọn kò ní gbà fún wọn láti gùn ún, ẹ ó sì dójú tì wọ́n. Bí a bá sì gbé ìlà kẹta dìde, búùtù tán nìyẹn. Ìdílé ẹlẹ́ni méje tó ń lọ síbi ìkómọ pẹ̀lú kúlà ìrẹsì méjì kò ní ríbi gbé kúlà sí. Ẹni tó ń gbé èèyàn méje lójoojúmọ́, kó wá ọkọ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé méje lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kó má fi owó ọdún mẹ́wàá ra ọjọ́ méjì.

Nípa búùtù, nọ́ḿbà wà tí a lè fi wéra. Qashqai tó jáde ní 2021 gba lítà 504, RAV4 580, Sportage hybrid 587, Tucson hybrid 616. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òde tàbí tó ń kó gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì yóò rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Qashqai kúrú ju RAV4 lọ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀, èyí sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín kí a ríbi gbé mọ́tò sí níwájú ilé wa ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ àti kí a gbé e sí òpópónà kẹta, ká máa fẹsẹ̀ gbé ọmọ tó ti sùn bọ̀ nínú òjò.

Olè kò tíì jáwọ́. Ilé wa súnmọ́ títì, kọ́kọ́rọ́ sì máa ń wà lórí tábìlì ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ tí kì í nílò kí a ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ ń fetí sí ìró kọ́kọ́rọ́ náà, olè sì ní ẹ̀rọ tó ń gbé ìró yẹn láti inú ilé jáde. Fún RAV4, àwọn kan tilẹ̀ gba ẹ̀yìn iná iwájú wọlé, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré bá wáyà ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkọ̀ sì ṣí. Ìrìn méjèèjì yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àpò tó ń bo ìró kọ́kọ́rọ́ mọ́lẹ̀ dára fún ti àkọ́kọ́. Irin tí a ń há mọ́ ìdarí ọkọ̀ ló ń dá èkejì dúró, kò wọ́n, ẹ rà á. Ẹ sì béèrè iye ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà pẹ̀lú àdírẹ́sì SE18 tàbí SE28 yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Owó ìjọba, mo máa yára sọ ọ́. Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ULEZ, owó tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú ń san ní Lọ́ńdọ̀nù, dé Plumstead. Ní gbogbogbòò, bẹntiróòlù láti 2006 àti dísẹ́ẹ̀lì láti oṣù kẹsàn-án 2015 ló bọ́ nínú rẹ̀; ẹni tí kò bá bọ́ ń san £12.50 lójúmọ́ tó bá gbé ọkọ̀ jáde. Jíìpù dísẹ́ẹ̀lì ọdún 2012 tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, ìdí tó fi rọ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e jáde lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, £3,250 lọ́dún. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2025 ni a sì ti ń sanwó láti gba Blackwall Tunnel àti Silvertown Tunnel kọjá, tó lè tó £4 nígbà tí ọ̀nà bá ń dí. Woolwich Ferry ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó orí ọkọ̀ ọdọọdún jẹ́ £195 ní ọdún 2025 fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù kẹrin 2017. Bí iye ọkọ̀ náà bá ju £40,000 lọ nígbà tó wà ní tuntun, wọ́n á fi owó mìíràn kún un lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún (£425 ni ní ọdún 2025), kódà bí ẹ̀yin bá ra á ní àlòkù ní ìdajì owó yẹn. Èyí ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn lójijì.

Ọkọ̀ oníná pátápátá dára fún ẹni tó ní àyè níwájú ilé láti fi iná ilé rẹ̀ kì í. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yóò máa ra iná ìta, VAT orí rẹ̀ sì jẹ́ 20 nínú 100 nígbà tí ti ilé jẹ́ 5. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò yín ká, kí ẹ wo ibi tí iná wà.

Àwọn kan á ní, “Bí mo bá lò ó tán, màá fi ránṣẹ́ sílé.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìṣirò. Nàìjíríà ti kúrò lórí wíwa ọkọ̀ lápá òsì láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, òfin ibẹ̀ kò sì gba kí a kó ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tókùnbọ̀ ilé fi ń ti Amẹ́ríkà àti àwọn ìlú Yúróòpù mìíràn wá.

Bí ẹ bá wá bá ẹni tó ní irú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi iṣẹ́, ẹ fara balẹ̀ bi í. Ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Ẹ́ńjìnì wo? Ó ti pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ? Ta ló ń ṣe sáfíìsì rẹ̀? Kí lo ti pààrọ̀? Bí wọ́n bá jí i lónìí, ṣé irú rẹ̀ lo tún máa rà? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó ti ń yìn ín láti àárọ̀ lè dákẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó ra á lóṣù tó kọjá ṣì wà nínú ayọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ wáráńtì kò tíì mọ ohun tí àtúnṣe ń jẹ. Ọdún méje tàbí 100,000 máìlì ni Kia ń fúnni, ọdún márùn-ún láìka máìlì ni Hyundai, Toyota sì ń fà á gùn títí dé ọdún mẹ́wàá tàbí 100,000 máìlì fún ẹni tó bá ń ṣe sáfíìsì lọ́dọ̀ wọn. Wáráńtì Kia tó kù ń bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á lẹ́yìn, bí ìwé sáfíìsì rẹ̀ bá pé.

Ẹ̀rí kan wà tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ lọ sórí ojúlé ìjọba GOV.UK, ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo ìdánwò MOT tó ti ṣe wà níbẹ̀: máìlì rẹ̀ lọ́dọọdún, ohun tó mú un féèlì, ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún ẹni tó ni ín pé kó tún ṣe. Bí ìkìlọ̀ kan náà bá ń jáde lọ́dún mẹ́ta léraléra, ẹni tó ń tà á kò tọ́jú rẹ̀, ohun yòówù kó máa sọ.

Bí ẹ bá ní kí n dá sí i, ìdílé ọlọ́mọ méjì ní Plumstead tàbí Woolwich, mo gbà fún wọn Tucson tàbí Sportage hybrid ọlọ́dún mẹ́ta sí márùn-ún tí ìwé sáfíìsì rẹ̀ pé. Ará Thamesmead tí ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, RAV4 tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà. Ẹni tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta, 5008, kó yẹra fún 1.2 tí kò ní ìwé bẹ́líìtì. Ẹni tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kó ra Qashqai tàbí ọkọ̀ tó kéré jù ú lọ, kó fi owó tó kù sanwó iléèwé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ kó ìjókòó àwọn ọmọ yín dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀, ẹ há wọn mọ́ ọn, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ sì ní kó jẹ́ kí ẹ wà á gun òkè Plumstead Common lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò bá gbà fún yín, ẹ má fún un lówó yín.